Lẹ́tà Sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ ní Maryland

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ìwọ, àbúrò rẹ àti ọmọ rẹ ọkùnrin ń bọ̀ wá bá wa ní Maryland, ní ìpínlẹ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí. O béèrè bóyá ọmọ rẹ nìkan ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìwọ ti lé ní 40 ọdún, tí àbúrò rẹ sì ti pé 22. Rárá o. Ẹnikẹ́ni tí kò bá gba láísẹ́ǹsì rí, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, gbọ́dọ̀ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 30, kí ó sì wa ọkọ̀ fún wákàtí 6 pẹ̀lú olùkọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ibi tí ọjọ́ orí ti ń ṣiṣẹ́ ni ìdánrawò àti ọjọ́ tí ènìyàn yóò fi dúró. Láti ọdún 15 àti oṣù 9 ni ọmọdé ti lè gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí pé ọmọ rẹ kò tíì pé 18, oṣù 9 ni yóò fi lo ìwé yìí kí ó tó lè gba láísẹ́ǹsì. Oṣù 3 ni ti àbúrò rẹ, ọjọ́ 45 péré sì ni tìrẹ. Láàárín ìgbà náà, àwọn méjèèjì tí wọn kò tíì pé 25 yóò fi wákàtí 60 wa ọkọ̀, kí 10 nínú rẹ̀ jẹ́ alẹ́, pẹ̀lú ẹni tó ti pé ọdún 21 tó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún 3 ó kéré tán. Wákàtí 14 ni tìrẹ, 3 nínú rẹ̀ ní alẹ́. Jọ̀wọ́, máa kọ wákàtí wọ̀nyí sílẹ̀ lójoojúmọ́: èmi fi tèmi sílẹ̀ títí di alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, èmi àti ọkọ mi sì jókòó di òru, à ń jiyàn lórí ọjọ́ wo ni a dé ọjà.

Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́ láti jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún 16, nítorí ó ti èmi náà lójú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wakọ̀ pẹ̀lú olùkọ́, mo fẹ́ yà sí ọ̀nà kejì, ọkọ̀ sì dúró gbọnrangandan. Mo wo ẹsẹ̀ mi, kò sí lórí búrẹ́kì. Olùkọ́ ni ó tẹ èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún mi níbi tí dígí kò lè fi hàn mí, tí ó jẹ́ pé àfi kí n yí ọrùn wò ó. Ọdún mélòó ni mo ti ń jókòó ti ọkọ mi nínú ọkọ̀, n kò sì rí i kí ó yí ọrùn rí! Ní California, ẹni tó bá ti pé 18 bọ́ lọ́wọ́ dandan ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan ń pè é ní oríire, ṣùgbọ́n n kò ṣe ìlara wọn.

Kìlọ̀ fún ọmọ rẹ pé bí ó bá gba láísẹ́ǹsì tán, kò gbọdọ̀ dá wakọ̀ láti agogo 12 òru sí agogo 5 ìdájí, àfi fún àwọn ìdí bí iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, àti pé fún ọjọ́ 151 àkọ́kọ́, kò lè dá gbé ọ̀rẹ́ tí kò tíì pé 18. Nítorí pé tirẹ̀ ni yóò pẹ́ jù, orúkọ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bí ẹ bá ti dé. Tìrẹ lè dúró di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.