Màámi, mi ò bá olùkọ́ jà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá Ayọ̀ ní kí n kí yín dáadáa. Ayọ̀ náà ń kí yín ní ọ̀nà tirẹ̀: lálẹ́ àná, ó fẹnu ko fọ́tò yín tó wà lára ògiri kó tó gbà kí n gbé òun lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní, "Ọmọ olùkọ́ ni ọ́ o, má lọ máa bá olùkọ́ jà nílẹ̀ onílẹ̀." Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mi ò rí àyè dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Nígbà tí ilé ìwé Ayọ̀ kọ́kọ́ pè mí sí ìpàdé torí pé ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ ń pẹ́, èèyàn mẹ́fà ni mo bá nídìí tábìlì: igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, ẹni tó yẹ òye rẹ̀ wò, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, àti obìnrin kan tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ títí dòní. Èmi nìkan ni mo dá wá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, èmi sì ń mi orí bí alángbá. Wọ́n gbé ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n kọ fún ọmọ kan ṣoṣo, síwájú mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, a kì í já lù ú. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà ni.

Ilé ni mo ti wá ka ìwé náà. Wọ́n ní orúkọ nǹkan tí Ayọ̀ mọ̀ kò tó nǹkan, pé kíláàsì ọ̀tọ̀ ló yẹ kó lọ, àti pé ká yéé sọ Yorùbá sí i nílé. Wọ́n ní àwọn fi àwòrán bàtà hàn án, ó sì sọ nǹkan tí kò nítumọ̀: "bata". Wọ́n fi ológbò hàn án, ìyẹn náà kò nítumọ̀: "ologbo". Bàbá Ayọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti buwọ́ lu ìwé tó sọ pé ọmọ mi kò mọ bàtà.

Ìyá kan tí a jọ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló là mí lọ́yẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ tirẹ̀ ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe yìí. Ó ní kó tó di 1975 tí Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu òfin rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí ló ń dá àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà padà lẹ́nu ọ̀nà. IDEA ni wọ́n ń pe òfin náà báyìí. Ó ní òbí kì í ṣe àlejò níbi ìpàdé yẹn, ara ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Kò sí ẹni tó lè fipá mú mi buwọ́ lu ìwé lójú ẹsẹ̀. Èdè tí ọmọ gbọ́ ló yẹ kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, àyàfi tí kò bá ṣeé ṣe rárá. Bí àyẹ̀wò wọn kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, mo lè ní kí ẹlòmíràn láti ìta tún un ṣe, kí ìjọba sanwó rẹ̀. Bí ilé ìwé kò bá fẹ́ san, àwọn ni yóò lọ fi hàn níwájú onídàájọ́ pé tiwọn dára. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹnu lásán sọ, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Màámi, ẹ rántí ọmọkùnrin tí ẹ máa ń mú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín, tí kò lè ka A-B-D àfi tó bá di ìka yín mú? Ẹ̀yin ni òfin tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé yín lọ sí ilé ìwé mìíràn, ta ló kù fún un? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé báyìí.

Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, mo fi déètì sí i, mo sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bàbá Ayọ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, àwa méjèèjì la jọ lọ sí ìpàdé kejì. Wọ́n ní àwọn á máa ràn án lọ́wọ́ "bó bá ṣe yẹ". Mo ní, "Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ta ni yóò ṣe é?" Ohùn tí ẹ máa ń fi bi ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé ni mo gbọ́ tó jáde lẹ́nu mi, ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ara wọn, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún un ní olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa jókòó tì í. Wọ́n kọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú ìwé fún mi, wọ́n sì kọ ọ́.

Wọ́n wá ògbufọ̀ kan tó gbọ́ Yorùbá, wọ́n tún un yẹ̀ wò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ní èdè méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lọ dáadáa. Ó ṣì wà ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kàn máa ń mú un jáde fún ọ̀rọ̀ sísọ ni. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ tí ẹ ní mò ń bá jà sì ni ó tẹ̀lé mi dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, tó rọra ní kí n má ṣe dákẹ́. Ojú ọ̀gá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ nínú ilé.

Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ti wá ní ká má dá Yorùbá dúró mọ́. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ pa àlọ́ mìíràn fún un, kí ẹ rọra máa pa á. Ti ìjàpá tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti ní "Ààlọ́ o," òun náà á ní "Ààlọ̀." Níbi tí ẹ ti wúkọ́ láàárín, òun náà máa ń wúkọ́. Ẹ má yọ ikọ́ náà kúrò.

Ọmọ yín,
Ìyá Ayọ̀