Ọmọ Mi, Nípa Pikọ́ọ̀pù Yẹn

Ọmọ mi àtàtà,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko rèé tí o kò pè. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé ọmọ kékeré kì í jẹ́ kí èèyàn rí ara gbé sọ, àmọ́ ẹni tó ráyè bá àbúrò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lórí fóònù fún odidi wákàtí kan, ó yẹ kó ráyè kí bàbá rẹ̀. Òun ló sọ fún mi. Má bínú sí i, èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ní o ti fẹ́ san àsansílẹ̀ lórí pikọ́ọ̀pù kékeré kan, pé èyí tó ní AWD lo fẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní o wá rẹ́rìn-ín, o ní, "Kò sí òjò tó máa dá mi dúró mọ́."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Kí n tó gbàgbé: ológbò ti bímọ, mẹ́rin ni, inú àpótí irinṣẹ́ mi ló sì bí wọn sí. N kò lè fọwọ́ kan sípánà títí wọn ó fi lajú. Ìyá rẹ ti yọ eyín tó ń dà á láàmú. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò.

Mo ti wádìí ọkọ̀ tí o dárúkọ, Ford Maverick. Má rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2022, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni èyí tó jẹ́ hybrid, ìyẹn èyí tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀, ń fi rìn. Ti ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún hybrid ní AWD. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ta hybrid àlòkù ti ọdún 2023 fún ọ, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, irọ́ ló ń pa. Wólẹ̀ kí o wo abẹ́ rẹ̀. Bí o kò bá rí ọ̀pá gígùn tó ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé ti iwájú lásán ni.

Jọ̀wọ́, bi ara rẹ léèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkọ̀ rẹ há lọ́dún tó kọjá? Há ni mo wí o, n kò ní kí o ka ìgbà tí àyà rẹ kàn já. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, okùn líle, ṣọ́bìrì àti sùúrù á yanjú ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà lo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì fà kò ní wàhálà lórí ọ̀dà, òjò ì báà máa rọ̀, bí táyà rẹ̀ bá ṣì ní eyín.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. AWD á mu epo díẹ̀ sí i. Ó wúwo sí i. Ó ní gíà lẹ́yìn tó ní òróró tirẹ̀, tí àsìkò pípààrọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé láìjìyà. Ọ̀rọ̀ táyà ibẹ̀ ló tiẹ̀ máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú rẹ̀ lẹ́nu: bí ọ̀kan bá bẹ́, tí mẹ́ta yòókù ti jẹ, o lè má lè ra ẹyọ kan kí o sì máa lọ. Táyà tuntun tóbi ju èyí tó ti jẹ lọ ní ìwọ̀nba, ìyípo wọn ò ní dọ́gba, ohun tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn á sì máa bá ara rẹ̀ jà títí yóò fi gbóná bà jẹ́. Bó bá sì kọṣẹ́ sójú ọ̀nà, má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè kí wọ́n máa wọ́ ẹ̀yìn nílẹ̀. Orí ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sí.

Bí mo ṣe kọ ọ́ débí yìí, mo ti ní kí n sọ pé má rà á. Àmọ́ òkè ẹ̀yìn ilé rẹ kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí mo wá kí yín, tí a jọ dúró lábẹ́ igi tí à ń wo aládùúgbò rẹ bó ṣe ń gun gẹ̀rẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ iwájú ni ọkọ̀ rẹ̀ ń fi fà, ó sì di ẹrù sẹ́yìn. Ẹrù yẹn tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, iwájú wá fúyẹ́, táyà iwájú kàn ń yí lórí ẹrẹ̀ lásán bí ẹni ń fẹ́ná. Ìwọ tó jẹ́ pé pákó àti ilẹ̀kùn lo ń kó, tí Maverick sì lè gba nǹkan bí 680 kílò, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí irú òkè bẹ́ẹ̀ nílò kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà máa tì, nítorí orí rẹ̀ ni ìwúwo wà. Ó dáa. Gbà á. Ìyá rẹ á ní n kò lè di ọ̀rọ̀ kan mú, kò burú.

Ṣùgbọ́n òkè tí o bá gùn, wàá sọ̀ ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ láti òkè lẹ́tà yìí, ẹnu ló ń wúwo.

Gbogbo ọkọ̀ ló ní bíréèkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó ń fi méjì fà ní i, èyí tó ń fi mẹ́rin fà ní i. Owó tí o san lé AWD kò ra bíréèkì kankan kún un. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mẹ́rin péré ni àtẹ́lẹwọ́ náà, àwọn ló sì máa di gbogbo yín mú, ìwọ, pákó rẹ, àti ọmọ-ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn. Bí o bá sáré ní ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa rìn kó tó dúró á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó tún burú ni pé ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì fà máa ń kìlọ̀: wàá gbọ́ bí táyà ṣe ń yí lásán, wàá mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀, wàá sì rọra. AWD kì í sọ fún ọ. Ó máa gbé ọ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ, títí wàá fi tẹ bíréèkì.

Kò sí òjò tó máa dá ọ dúró. Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ?

Ọmọ mi, ewúrẹ́ kankan ò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé o mọ ewúrẹ́ tí mò ń wí. Apá ìyá rẹ tí kò nà tán mọ́ láti ìgbà yẹn, ìtàn tí mo máa ń sọ ni pé ewúrẹ́ ló já lu ọ̀nà, pé mo yà fún un ni a fi wọ kòtò. Irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fọ́ọ̀-wíìlì àlòkù nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń fa ọ̀pá kan kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣiṣẹ́. Gbogbo owó ọwọ́ mi ló bá a lọ. Táyà rẹ̀ ti dán. Ìyá rẹ ní kí n pààrọ̀ wọn, ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, mo dá a lóhùn pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kí ni táyà fẹ́ ṣe fún un? Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ márùn-ún ló há sórí òkè. Mo kọjá lára wọn, mo fọn fèrè fún wọn. Mo fọn fèrè, ọmọ mi. Nígbà tí a dé orí òkè tí a sì ń sọ̀ ní òdì kejì, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà kò gbọ́ tèmi mọ́.

Ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, o ń sùn lẹ́yìn. Ariwo ìyá rẹ ló jí ọ, o béèrè pé kí ló dé. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ni mo bá ní ewúrẹ́ ni. O wá ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa. O tiẹ̀ ya ewúrẹ́ náà sórí ìwé, o fún un ní ìwo ńlá méjì. Ìyá rẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n dì, kò já mi nírọ́. Títí di òní kò já mi. Ì bá sàn kó jà.

Nítorí náà má sọ fún mi pé orí kunkun lo jogún, mo mọ ibi tí o ti jogún ẹ̀.

Ra ọkọ̀ náà. Àmọ́ kí o tó gbé e gun òkè yẹn rárá, ya fọ́tò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú wọn ni kí o yà, má ya ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí eyín wọn bá ti lọ, n óò fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Owó òrùlé wà lọ́wọ́ mi, òrùlé lè máa jò lọ, a ti mọ ibi tí à ń gbé garawa sí. Láti orí òkè ni kí o sì ti fi gíà kékeré sí i, kí ẹ́ńjìnnì bá ọ dì í mú, má dúró dìgbà tó bá ti ń sáré.

Pè mí lálẹ́ ọ̀la. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ ló gbé fóònù, má tíì dárúkọ ewúrẹ́. Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ fún un pé mo ti sọ fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ