Ṣé ṣọ́jà ló ń ṣọ́ safe space ni?

Sí Olóòtú,

Okun o. Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra wa níhìn-ín, ìkíni náà ni wọ́n sì fi ń pè wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò túmọ̀ safe space, ìyẹn ibi téèyàn ti lè sọ tinú ẹ̀ láìbẹ̀rù, sí "ibi ààbò". Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà Kàbà gbọ́ ọ, ó ní: "Ṣé wọ́n máa kó ṣọ́jà wá síbẹ̀ ni?" Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀rù ajínigbé kì í jẹ́ kó lọ oko, ààbò tó mọ̀ ni ti ìbọn àti fijilanté.

Nínú ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ní Amẹ́ríkà, láti ìparí àwọn ọdún 1960, ni ọ̀rọ̀ safe space ti fìdí múlẹ̀. Àwọn obìnrin a máa pàdé nínú pálọ̀ ara wọn, láìsí ọkùnrin níbẹ̀, kí wọ́n lè sọ ohun tí ojú wọn ń rí nílé ọkọ àti níbi iṣẹ́. Lónìí, UNFPA, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí ètò ìlera ìbímọ, ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Borno fún àwọn obìnrin tí Boko Haram lé kúrò nílé. "Ibi ìfinúhàn" lèmi ì bá pè é.

Ohun tó wá ń dùn mí ni bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ di ohun ìpanilẹ́numọ́. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan lọ́dún tó kọjá, alága fúnra ẹ̀ ló kéde pé, "Safe space ni ibí o, kálukú sọ tinú ẹ̀." Ọmọkùnrin kan dìde, ó béèrè ibi tí owó omi ẹ̀rọ tí a dá wọlé sí. Ojú alága pọ́n. Wọ́n ní ó ń ba safe space jẹ́, wọ́n ní kó jókòó. Títí dòní, a ò rí ìṣírò owó, a ò rí omi.

Ní 2016, Yunifásítì Chicago kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tuntun pé àwọn ò fara mọ́ safe space téèyàn ń sá sí nítorí èrò tí kò bá tirẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ bú wọn. Lórí irú alága wa yìí, mo gbè sẹ́yìn wọn. Àmọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ kò wá àríyànjiyàn. Ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀ ló ń wá, tí kò ní gbé e dé ọjà kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ bá mi bẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn kó tún un sọ. Ìyá elélùbọ́ ti ń sọ fáwọn oníbàárà ẹ̀ pé ṣọ́jà ń bọ̀.

Òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí