Ẹ Fi Ọmọ Àgbọ̀nrín Sílẹ̀ Níbi Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Í Pamọ́ Sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ẹ kọ nípa àwọn ẹranko inú igbó ọba Cook County, tó yí àwa ará Chicago ká. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi kún un kí oṣù Karùn-ún tó parí, torí àsìkò yìí gan-an ni àgbọ̀nrín ń bímọ níbí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ gun àtẹ̀gùn òkúta Swallow Cliff Woods, tó jẹ́ ìpele 125. A ti sọ̀ kalẹ̀, a ń padà síbi mọ́tò, ni ọmọ yìí bá fà mí láṣọ. Ọmọ àgbọ̀nrín kan ló ká jọ sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Tótòtó funfun kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lajú sílẹ̀, ó ń wò wá, kò mira rárá. Imú rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Ọmọ mi ní, "Dádì, màmá ẹ̀ ti já a sílẹ̀." Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi kí n lè fi gbé e lọ sílé, ká lọ wá mílíìkì fún un.

Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó náà. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n rọra sún sẹ́yìn, pé ìyá rẹ̀ kò jìnnà, àwa gan-an la ò jẹ́ kó lè wá. Ọmọ náà kò tíì lè sáré bí ìyá rẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, kóyótì tó dà bí ajáko lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ìyá ni òórùn rẹ̀ lè fa ọ̀tá wá. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹko lókèèrè, tó wá ń yọ́ wá fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́.

Bàbá mi ni mo rántí lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n, Òkè-Ògùn ni wọ́n ti dọdẹ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àgbọ̀nrín kì í kó ọmọ tuntun rìn, ńṣe ló ń fi í pamọ́ sínú ìgbẹ́. Àgbọ̀nrín tiwa kọ́ ni tibí, ṣùgbọ́n ìwà yìí pa wọ́n pọ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ òrukàn.

Mílíìkì màlúù tí mo fẹ́ fún un ì bá ti mú kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè pa á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin Illinois kò gbà kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ máa sin ẹran ìgbẹ́ nílé. Bákan náà ni ti ọmọ ehoro tí àwọn ọmọ wa ń rí lẹ́yìnkùlé: àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyá wọn ń wá. Ẹni tó bá sì mú ajá wọgbó, kó má tú okùn lọ́rùn rẹ̀.

Àmọ́ tí ìyá bá kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, tàbí tí ẹ rí ọgbẹ́ lára ọmọ náà, tàbí tó ń ké kiri láìdákẹ́, ẹ pe àwọn tó níwèé àṣẹ ìtọ́jú ẹranko. Ẹ má gbé e fúnra yín.

A padà lọ lọ́jọ́ kejì. Koríko ibẹ̀ ṣì tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní, ọmọ náà ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Àwọn ìyá wa tó wá láti ilé wá bá wa tọ́jú ọmọ ló ń mú àwọn ọmọ lọ ṣeré nínú igbó yìí lọ́sàn-án, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n sì ń kà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọdẹ,
Chicago