Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Ilé Oúnjẹ Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí sáà kejì parí ní àlàáfíà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà tí ẹ fọkàn tán wa, tí ẹ fi ọmọ yín ránṣẹ́ sí wa ní Iléṣà níbí láti kọ́ iṣẹ́ ìdáná àti ìgbàlejò. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí ni ti ilé oúnjẹ wa, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń gbé e fún ẹ̀yin àti àlejò mìíràn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Èsì ìdánwò wà nínú àpò ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé wálé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ sì dá a padà ní ọjọ́ ìwọlé. Ìdánwò NABTEB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ àti òwò, ti oṣù Karùn-ún sí Kẹfà ti sún mọ́lé, nítorí náà kí àwọn ọmọ ọdún kẹta má ṣe gbàgbé ìwé iṣẹ́-ọwọ́ wọn sílé. Olúkúlùkù yóò mú èsì àyẹ̀wò ìgbẹ́ tuntun wá láti ilé ìwòsàn kó tó wọ kíṣìnì. Bàtà kíṣìnì ni èyí tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kì í sì í yọ̀. Sílípáàsì kò sí lára rẹ̀. Ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ yóò wáyé ní Àbámẹ́ta kejì lẹ́yìn ìwọlé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Inú mi dùn púpọ̀ sí ọgbà ewébẹ̀ tó wà lẹ́yìn kíṣìnì. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀ yóò yin àwọn ọmọ ọdún kìíní. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn tó ká láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣọkọ, ewúro, efinrin àti ata rodo náà wà níbẹ̀, òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ gan-an ni a sì ń já ẹ̀fọ́ tí àlejò ń jẹ ní ọ̀sán. Èèpo iṣu, èèpo àlùbọ́sà àti ìdí ẹ̀fọ́ ló ń lọ sínú kòtò tó ń di ajílẹ̀ fún wa. A kì í da egungun tàbí ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sí i, nítorí eku. Àwọn ọmọ yìí ti mọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá àti ibi tó ń padà sí, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí lẹ́tà yìí gùn ni ti ilé oúnjẹ wa. Nínú oṣù yìí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sórí tíréè, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, ó sì kúnlẹ̀ láti kí i. Tíréè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọbẹ̀ dà sí etí agbádá bàbá náà. A dúpẹ́ pé kò jó ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti pa á láṣẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé oúnjẹ dání kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí kan ti ń pe ọ́fíìsì mi pé a fẹ́ sọ ọmọ àwọn di aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé àlejò, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ibẹ̀ ni yóò ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, tí yóò kí yín dáadáa láìkánjú, kó tó mú yín lọ jókòó. Tó bá ti gba ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, tó sì gbé àwo jáde láti kíṣìnì, ẹnu nìkan ni yóò fi kí ẹnikẹ́ni. Ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná gbóná dé ibi pé ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún un láti bó ara. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tún burú ju omi gbígbóná lọ, nítorí pé ó ki, ó ní epo, ó ń lẹ̀ mọ́ ara, kì í sì í ṣàn kúrò. Ọmọ tó ń tẹ orúnkún pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́ ti gbé ojú kúrò lára àwo. Bí mo ṣe ń dáàbò bo ọmọ yín ni mo ń dáàbò bo àgbàlagbà tó wá jẹun, n kò sì ní yí àṣẹ yìí padà.

Àwọn mìíràn ní ọmọ fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún àwọn. Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ìlànà tí a ń kọ́ wọn ni pé ẹ̀gbẹ́ òsì àlejò ni a ti ń bu oúnjẹ fún un, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni a ti ń bu ohun mímu, ibẹ̀ náà ni a ti ń kó àwo kúrò. Abọ́ ọbẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́ òsì akẹ́kọ̀ọ́, aṣọ tí a ká ní mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà jó o, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń fi ṣíbí bù ú sínú àwo yín. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún yín lóúnjẹ. Òsì kàn gbé ẹrù ni. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Láti sáà kẹta, àwo oúnjẹ kan yóò kúrò ní ₦3,000, yóò di ₦4,500. Owó ohun èlò ìdáná fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kúrò ní ₦18,000, yóò di ₦25,000. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ọjà Atakúnmọ́sà kan náà ni àwa àti ẹ̀yin ń ná, ẹ mọ iye tí ata, òróró àti sìlíńdà gáàsì ńlá dà báyìí. Owó àwo kò kan owó oṣù olùkọ́ kankan. Ohun èlò àti gáàsì nìkan ló wà fún. Owó ohun èlò ni a fi ń ra adìẹ tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ láìfọ́ egungun. Tí a bá fún ọmọ mẹ́wàá ní adìẹ kan, ẹni méjì ni yóò di ọ̀bẹ mú, àwọn mẹ́jọ tó kù yóò máa wòran, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kò ní béèrè ohun tí wọ́n wò. Ìwé ìnáwó wà lọ́wọ́ akápò. Òbí tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá nígbàkigbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí.

Ẹ tún ń sọ pé ẹran kéré. Ẹran kìlógíráàmù kan, bí a bá bọ̀ ọ́ tán, kì í sábà ju gíráàmù 700 lọ. Omi inú rẹ̀ ti jáde. Èyí tí a gé ní gíráàmù 100 ní tútù ni ẹ ń rí bíi 70 nínú àwo. A ń wọ̀n ọ́n kó tó wọ ìkòkò, kí ti ẹnì kan má baà ju ti ẹnìkejì lọ.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí wọn kì í béèrè iyán, iyán yìí gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ tí àlejò kò bá gba ààyè sílẹ̀. Iṣu tó wọn kìlógíráàmù mẹ́ta máa ń yó ènìyàn márùn-ún sí mẹ́fà. Bí àlejò 40 bá fẹ́ iyán, iṣu méje tàbí mẹ́jọ ni. Ọgbọọgba ni a ń gé e, torí èyí tí kò jinná ló ń di kókó. Gbígbóná ló ń wọ odó, láìsí omi. Ìgbà tí kókó bá tú tán ni a tó ń wọ́n omi iṣu gbígbóná díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tó bá tètè da omi sí i, kókó yóò máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ odó ni. Odó kan kì í gbà ju ti ènìyàn mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. A ń wé e, a ń kó o sí kúlà, ó sì ń rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó ń làágùn, ara rẹ̀ ń le. Àlejò aago kan tó dé ní aago méjì, tó tún mú ẹni mẹ́ta tí kò dárúkọ dání, kò yẹ kó bínú pé iyán òun le tàbí pé òun pẹ́ kí òun tó jẹun.

A kò ní máa di oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé mọ́. Oúnjẹ tó wà lórí tábìlì wa gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí Sẹ́líṣíọ̀sì, kòkòrò àrùn kò lè gbèrú níbẹ̀. Tó bá ti wọ ọ̀rá, tó wà nínú mọ́tò, tó sì di alẹ́ kí ẹ tó ṣí i, ó ti ju wákàtí méjì tí a lè fi í sílẹ̀ láìsí nínú fíríìjì. Ìrẹsì ló léwu jù: kòkòrò kan wà tí hóró rẹ̀ kì í kú nínú ìrẹsì tó ń hó, tó ń tú oró sínú rẹ̀ tó bá tutù díẹ̀díẹ̀, gbígbé e padà síná kì í sì í pa oró náà. Bí inú bá run ẹnikẹ́ni lálẹ́, orúkọ àwọn ọmọ yín ni yóò bàjẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dìde lọ bá ọmọ yín ní kíṣìnì, bó ti wù kí ọkàn yín fà sí i. Ẹ má sì fi owó sí i lọ́wọ́. Àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà; ohun tó bá wọ inú rẹ̀ ni a ó fi ra ọ̀bẹ àti pátákó ìgé tuntun, ọ̀tọ̀ ti ẹran tútù, ọ̀tọ̀ ti ẹ̀fọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wá jẹun ní sáà kẹta, kó pe ọ́fíìsì tàbí kó rán ọmọ rẹ̀ wá, ó pẹ́ tán aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó sọ iye ènìyàn, kó sọ ẹni tó fẹ́ iyán àti ẹni tó fẹ́ ìrẹsì, kó sì sọ bí ẹ̀pà tàbí ẹja bá lòdì sí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn. Aago kan ọ̀sán ni a ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá lé ogún ìṣẹ́jú, a ó fi ààyè náà fún ẹlòmíràn. Báńkì nìkan ni kí ẹ ti san owó ohun èlò, kó tó di Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ọmọ mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá fún akápò.

Emi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́