Lẹ́tà láti York: Ìlú tí odi ṣì yí ká

York,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara wa le níhìn-ín, bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìlú tí mo ń gbé yìí ṣì ní odi, tàbí àwókù lásán ló kù nílẹ̀. Mi ò fẹ́ jókòó sínú yàrá kí n máa dá ọ lóhùn, nítorí náà mo fi Sátidé tó kọjá yí odi náà po láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n lè sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí fún ọ.

Odi náà wà, ọ̀rẹ́ mi. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3.4, kò sì sí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí odi àtijọ́ rẹ̀ ṣẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n to púpọ̀ nínú òkúta rẹ̀, òkúta ẹfun tí ó máa ń funfun bí wàrà nígbà tí oòrùn bá kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni ohun tí òkúta náà jókòó lé: òkìtì erùpẹ̀ gíga tí koríko bò, tí yàrà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níta. Ìwọ tí a jọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà Sùngbọ́ nígbà èwe wa mọ bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níta, wọ́n da erùpẹ̀ rẹ̀ sínú. Bí yàrà ti ń jìn ni òkìtì ń ga, tí ọ̀tá tó ń bọ̀ fi ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí ibi tí yóò máa gùn.

Kí n tó gun odi, mo lọ sí ilé-ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Multangular Tower, nínú ọgbà kan lẹ́bàá odò Ouse. Ní ọdún 71 ni àwọn ọmọ ogun Róòmù tẹ ibùdó wọn dó síhìn-ín, tí wọ́n pè é ní Eboracum, igun kan ibùdó náà sì ni ilé-ìṣọ́ yìí. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ kàn án. Nísàlẹ̀ ni òkúta kéékèèké tí wọ́n gé dọ́gba, tí ìlà bíríkì pupa pẹlẹbẹ gba àárín wọn kọjá bí ìgbà tí a fi òwú pupa ran etí aṣọ. Lókè ni òkúta ńláńlá tí àwọn mìíràn wá tò lé e ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà. Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Àwọn ará Denmark gba ìlú náà ní ọdún 866, èdè wọn kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará ibí. Ní York, "gate" kì í ṣe ẹnubodè; òpópónà ni. Ẹnubodè gan-an ni wọ́n ń pè ní "bar". Micklegate, tí í ṣe òpópónà ńlá, ni ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù bá wọlé, Micklegate Bar sì ni ẹnubodè tí ọba máa ń gbà wọ ìlú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi orí àwọn tí ọba kà sí ọ̀dàlẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn ogun Wakefield ní 1460, wọ́n kọ́ orí Richard, Duke ti York, ìjòyè tó ń bá ọba du adé, síbẹ̀, wọ́n sì fi bébà ṣe adé dé e. Àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, tí wọ́n pa ní 1746, ni wọ́n kọ́ orí wọn kẹ́yìn, ó sì di 1754 kí orí wọn tó kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà bí mo ti dúró, èmi kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rántí.

Ibi tó dùn mí jù ni Clifford's Tower, lórí òkìtì tí William Aṣẹ́gun, ọba tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, mọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1190, àwọn Júù ìlú yìí, nǹkan bí 150 ènìyàn, sá wọ ilé-ìṣọ́ onígi tó wà níbẹ̀ nígbà náà, nítorí pé àwọn èrò dìde sí wọn. Púpọ̀ nínú wọn gba ẹ̀mí ara wọn kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó dó tì wọ́n, àwọn èrò náà sì pa àwọn tó jáde lórí ìlérí pé a ó dá wọn sí. Odi kò gbà wọ́n là, Àkànní, nítorí inú odi ni ọ̀tá wọn wà. Ilé olókùúta tó wà níbẹ̀ lónìí, ìgbà Ọba Henry Kẹta ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdọọdún, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè máa ń bo gbogbo ara òkìtì náà.

Láti ibẹ̀ mo dé Walmgate Bar. Níwájú ẹnubodè yìí ni ògiri méjì ti nà jáde síta bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní òrùlé, kí ọ̀tá tó bá já ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ lè há sí àárín, kí àwọn tó wà lókè sì máa ta á lọ́fà. Wọ́n yin àgbá lù ú nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ilé Aṣòfin, tó ń bá ọba jagun, dó ti ìlú ní 1644, àpá ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ẹnubodè ńlá mẹ́rin ló wà, gbogbo wọn ló sì ní irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí rí. Ti Walmgate nìkan ló kù. Kì í ṣe ogun ló wó àwọn yòókù. Ní 1800, ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ bẹ Ilé Aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wó odi náà dànù. Àwọn kan tako wọn, odi sì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, wọ́n ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn Walmgate, odi dá ní Red Tower, ilé-ìṣọ́ oníbíríkì tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1490. Wọn kò kọ́ odi síwájú rárá, nítorí pé William ti sé odò Foss, omi sì ti tẹ́jú di adágún ẹja ọba, àbàtà tí ọ̀tá kankan kò lè là kọjá. Títì ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Odi tún bẹ̀rẹ̀ ní Layerthorpe títí dé Monk Bar, ẹnubodè tó ga jù, tó ní àjà mẹ́rin, tí àwọn ère ọkùnrin gbé òkúta lọ́wọ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jù ú lu àlejò. Láti ibẹ̀ lọ sí Bootham Bar ni a ti ń rí kàtídírà Minster dáadáa jù lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò gba lẹ́tà tirẹ̀.

Ní ìta Bootham Bar ni ère William Etty wà. Ayàwòrán ni, ọmọ bíbí ìlú York, ó sì wà lára àwọn tó jà kí wọ́n má wó ẹnubodè náà. Inú mi dùn pé wọ́n gbé e sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o.

Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkùnrin kan sì ti dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn wà lórí odi lálẹ́. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní kò sí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mì í wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí o bá tún gba Òkè-Ẹ̀rí kọjá, jọ̀wọ́ bá mi wo yàrà wa, kí o sì kọ bí ó ti rí báyìí sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní