Àwọn tó ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe kì í ṣe aláìmoore

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn èèyàn wa máa ń sọ tó ń bí mi nínú, pé ẹni tó dé ìlú onílùú tó ríṣẹ́ ṣe, kí ló tún ń wá nídìí ìyanṣẹ́lódì, ṣé kò moore ni?

Ẹ wo àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì Ibis Batignolles ní Paris. Wọn ò ju bí 20 lọ, obìnrin ló pọ̀ jù, Áfíríkà sì lọ̀pọ̀ wọn ti wá. July 2019 ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Yàrá mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa tún ṣe ní wákàtí kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, bí ìṣẹ́jú 17 péré fún yàrá kan, nínú ẹ̀ náà ni wọ́n á ti ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, wọ́n á fi ọwọ́ kan gbé mátírẹ́ẹ̀sì kí wọ́n lè ki tuntun bọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n á fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣa irun inú báàfù, wọ́n á nu dígí. Tí oníyàrá bá wá da gbogbo ẹ̀ rú ńkọ́? Ìṣẹ́jú 17 yẹn náà ni o. Ẹ̀yìn àti ejìká wọn ló ń jìyà ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kọ́ńtírátọ̀ ló gbà wọ́n, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tí òtẹ́ẹ̀lì gbà fúnra ẹ̀, àmọ́ owó oúnjẹ táwọn yẹn ń gbà, tiwọn ò sí níbẹ̀. Ta ni kí wọ́n wá bá sọ̀rọ̀?

Oṣù 22 lọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, àrùn kòrónà náà wá bá a níbẹ̀. Ní May 2021 wọ́n fọwọ́ síwèé àdéhùn: wọ́n fi yúrò 250 sí 500 kún owó oṣù wọn, owó oúnjẹ wọlé, yàrá wá di mẹ́ta ní wákàtí. Rachel Keke, ọmọ Ivory Coast tó wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ ilé aṣòfin Faransé ní 2022. Ṣùgbọ́n wọn ò rí kọ́ńtírátọ̀ yẹn yọ kúrò láàárín o, abẹ́ ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Torí náà mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn báyìí, ẹ má fi mọ sí pé àlejò ń binú. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì gan-an pé kí ló dé tí kò lè gba àwọn tó ń tún yàrá ẹ̀ ṣe síṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Èmi òǹkàwé yín